Ta Ni Sáírìn Yẹn Ń Sáré Lọ Gbà?

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, bí oṣù kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn, èmi àti ọmọ mi obìnrin wà nínú ọkọ̀, a dúró dé iná pupa ní oríta. Ọkọ̀ bíi mẹ́jọ tò sẹ́yìn wa. Ṣàdédé ni ọkọ̀ ọlọ́pàá kan tan iná búlúù lẹ́yìn, sáírìn rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀mejì, kúkúrú kúkúrú. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́nà. Mo gbé táyà apá kan gun etí títì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún títí dígí ọkọ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ha tèmi. Ọkọ̀ ọlọ́pàá náà gba àárín wa kọjá, ó gba inú iná pupa lọ. Kò tíì rìn tó igba mítà kọjá oríta tí iná búlúù fi kú. Sáírìn dákẹ́. Ọkọ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lọ bí ẹni tí kò ní ibì kankan í lọ.

Ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, yíjú sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ gbà ti yè ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó dùn mí, torí ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi wa áńbúláǹsì kí orúnkún tó ní kí n lọ jókòó. Bí ẹnì kan bá yẹ kó mọ ohun tí iná tó kú láàárín ọ̀nà túmọ̀ sí, èmi ni. Mo kàn sọ fún un pé màá wádìí. Ìwádìí yẹn ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí bọ́tìnnì náà ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí i rí. Nínú ọkọ̀ tí mo wà pẹ́ jù, àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló ṣe pàtàkì lórí rẹ̀: ọ̀kan fún iná orí ọkọ̀, ọ̀kan fún sáírìn, ọ̀kan tí a fi ń pa ohùn sáírìn dà. Rọ́bà ni wọ́n. Àtàǹpàkò àwa awakọ̀ ti pa lẹ́tà ara wọn rẹ́ tipẹ́, ti àárín sì ti ń dán bí òkúta inú odò. Ohùn gígùn tó ń lọ sókè tó tún ń bọ̀ nílẹ̀ la máa ń lò lójú ọ̀nà tó gùn. Tí a bá ti ń sún mọ́ oríta, a ó pa á dà sí èyí tó ń yára gbó bí ajá, torí pé ìgbà tí ohùn bá yí padà ni etí ẹni tó ń ronú nǹkan mìíràn máa ń jí.

Títẹ̀ ẹ́ kò gba agbára. Ìka kan ni. Lójú ẹsẹ̀, àwọn tí o kò mọ̀ rí, tí wọn kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í pín sọ́tùn-ún sósì níwájú rẹ. Ẹni tí ojú ń kán á yà. Ẹni tó pẹ́ síbi iṣẹ́ á yà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo wakọ̀ náà, mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Obìnrin tó ń kọ́ mi níṣẹ́ rí i lójú mi. Ó ní kí n páàkì. Ó sọ fún mi pé, "Wọ́n yà fún ọ torí wọ́n gbà pé ẹnì kan ń kú lọ. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹni tó ń kú lọ tí o tẹ̀ ẹ́, olè lo jà."

Olè. Ọ̀rọ̀ náà le létí mi nígbà yẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń jí.

Lóru ọjọ́ kan, a gbé bàbá àgbàlagbà kan tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkejì mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀, ó ń pe orúkọ bàbá náà léraléra kó má bàa sùn lọ. A dé oríta kan tí iná rẹ̀ pupa. Ọkọ̀ funfun kan dá dúró sójú ibi kan ṣoṣo tí mo lè gbà. Iná mi ń bù yẹ̀rì lára dígí ẹ̀yìn rẹ̀, sáírìn ń ké. Kò mira. Mo pa ohùn dà. Kò mira. Mo fi họ́ọ̀nù kún un. Mo ń rí ojú rẹ̀ nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn, ó ń wò mí. Ó gbọ́, ó sì rí. Ó kàn ti pinnu pé òun kò ní yà ni.

Ìgbà tí iná wá gba ojú ọ̀nà wa ló tó tẹ̀ síwájú, mo sì bá a dọ́gba. Ó sọ dígí kalẹ̀. Nígbà tó rí àmì tó wà lára ọkọ̀ wa, ojú rẹ̀ yí padà. Ó kígbe pé, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ọlọ́pàá ni! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún wa níbí!" Lóru, iná tó ń bù yẹ̀rì nìkan lèèyàn ń rí nínú dígí, kò lè mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá náà yè. Mi ò ní sọ pé ọkùnrin yẹn pa ẹnikẹ́ni, torí kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti òru ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí olè náà ń jí. Ìgbàgbọ́ ni. Ẹni tó ń jí i kọ́ ló ń san án, ẹlòmíràn ni, nínú ọkọ̀ mìíràn, lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé tí sáírìn bá ti ń ké, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lèèyàn ń jèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Greenville, ní North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn oníwádìí kan wọn ìrìn áńbúláǹsì tó lo iná àti sáírìn mọ́ ti ọkọ̀ tó gba ọ̀nà kan náà láìlo ìkankan. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1995, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 43.5, tí a bá pín in dọ́gba. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ibòmíràn wà tí wọ́n ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìlú yàtọ̀ sí ìlú, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ sì yàtọ̀ sí ara. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2019, tó wo ìrìn áńbúláǹsì káàkiri Amẹ́ríkà, rí i pé nígbà tí ọkọ̀ bá gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn láìlo iná àti sáírìn, ìjàǹbá 7.0 ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìrìn 100,000. Tí wọ́n bá lò ó, ó di 17.1. Ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kà á fún wa. Ọkọ̀ tó ń ké bẹ́ẹ̀ ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn tó yí i ká. Ẹnì kan á tẹ bíréèkì lójijì láìwo ẹ̀yìn. Òmíràn á já wọ inú iná pupa nítorí kó lè yà fún ọ, ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ á gbá a, ìwọ yóò sì ti lọ, o kò ní mọ̀. Ohùn náà fúnra rẹ̀ kì í dé ibi tó o rò pé ó ń dé: tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ohùn á fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) dín kù, kó tó wá kan dígí tí wọ́n wé pa àti orin tó ń dún nínú ọkọ̀. Bí o bá ṣe ń sáré tó náà ni àyè tí o fún ẹni tó wà níwájú láti gbọ́ ń kéré sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń dúró ní oríta pàápàá pẹ̀lú sáírìn, tí a ń wo ojú awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, kí a tó ré kọjá. Oògùn tó le ni. A kì í fún ẹni tí kò ṣàìsàn.

Òfin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ìrìnnà Jámánì, ní abala 38, sọ pé ìgbà tí kíá-kíá bá pọn dandan jù lọ nìkan ni kí wọ́n tan iná búlúù pẹ̀lú sáírìn: láti gba ẹ̀mí là, láti dènà ewu tó fẹ́ ba ìlera jẹ́ gidi, láti dènà ewu fún ará ìlú, láti lé ẹni tó ń sá lọ, tàbí láti dáàbò bo ohun tó níye lórí púpọ̀. Tí méjèèjì bá ti wà, gbogbo ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fún wọn lọ́nà lójú ẹsẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1984 lórí ìṣàkóso ojú pópó, ní abala 87, gba ọkọ̀ ọlọ́pàá láyè láti kọjá iye eré tí wọ́n fi lélẹ̀, tí pípa á mọ́ bá máa dí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe lákòókò yẹn lọ́wọ́. Ní California, òfin ọkọ̀ abala 21056 sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀ pé ẹ̀tọ́ pàjáwìrì kò gba awakọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ojúṣe àtimáa kíyè sí ẹ̀mí gbogbo èèyàn. Abala tó tẹ̀ lé e, 21057, ni mo fẹ́ràn jù: ó ka á léèwọ̀ fún ọlọ́pàá láti lo sáírìn tàbí eré tí kò bófin mu nígbà tó bá ń sin ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ, àfi tó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí là, tàbí láti kó ohun èlò àti òṣìṣẹ́ ìjọba lọ nígbà tí ogun tàbí pàjáwìrì bá dé.

Nínú gbogbo èyí tí mo kà, mi ò rí òfin kan tó sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lè tan án nítorí àtidélé.

Ti New York ló mú mi lọ́kàn. Abala 1104 nínú òfin ìrìnnà ibẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ ọkọ̀ pàjáwìrì, bíi gbígba inú iná pupa, kò sí fún un àyàfi tí ohùn bá ń dún tí iná sì ń tàn. Àfi ọkọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Mo lóye ìdí rẹ̀, màá sì sọ ọ́ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tí kò ríran, tó dúró létí títì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti sọ fún un pé àwọn ọkọ̀ apá kan ti dúró. Ó gbẹ́sẹ̀. Iná búlúù kì í kan an lójú. Ẹni tí kò gbọ́ràn ńkọ́? Iná nìkan ló ní. Ìdí tí méjèèjì fi ń rìn pọ̀ nìyẹn.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó fi ọlọ́pàá ṣe iṣẹ́ fún ọdún tó lé ní ogún kó tó fẹ̀yìn tì. Mo lọ bá wọn. Inú ń bí mi nígbà tí mo débẹ̀. Mo ti ṣe ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: fèrèsé yàrá mi kọjú sí oríta mìíràn, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé kékeré kan, mò ń kọ àkókò tí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá tan iná kí ó tó kọjá, tó sì pa á lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé ìwé náà síwájú wọn bí ẹni tó gbé ẹ̀rí lọ sí kóòtù.

Ẹ̀gbọ́n mi fara balẹ̀ kà á. Wọ́n ní, "Ohun tí o rí lo kọ. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú rédíò ọkọ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé fún mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan pe ọlọ́pàá pé ẹnì kan ń já ilẹ̀kùn òun. Ọkọ̀ tan ohun gbogbo, ó ń sáré bọ̀. Tó bá ku bí òpópónà méjì, á pa sáírìn, á pa iná, á rọra wọlé. Ìdí? Bí ẹni tó ń jálẹ̀kùn bá gbọ́ ọ, ó lè sá, ó sì lè fi ìbẹ̀rù ṣe obìnrin náà léṣe. Bákan náà ni fún ẹni tó dúró sórí afárá tó fẹ́ fò: sáírìn lè tì í lọ. Ìgbà mìíràn, àwọn tó ń dáhùn ìpè á sọ nínú rédíò pé kí wọ́n padà, ọkọ̀ mìíràn ti débẹ̀, tàbí pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́ ló rí. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, ẹ̀tọ́ ọlọ́pàá náà ti tán. Ó gbọ́dọ̀ pa á. "Tí kò bá pa á," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ìgbà yẹn gan-an ló ń ṣe àṣìlò. Ẹni tí o bá rí tó pa á kíá, ó lè jẹ́ òun ló mọ òfin jù."

Ó gún mi. Èmi náà ti gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà nínú áńbúláǹsì: "Ẹ padà, aláìsàn ti lọ fúnra rẹ̀." A ó pa iná láàárín títì, àwọn tó yà fún wa á máa wò wá bí òpùrọ́. Ṣé mo ti gbàgbé ni? Ìbínú ti jẹ́ kí n gbàgbé.

Wọ́n tún ní ibòmíràn wà tí ọlọ́pàá á ti tan iná láìsí sáírìn láàárín òru torí wọn ò fẹ́ jí gbogbo àdúgbò, àti pé àwọn ìlú kan wà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá máa ń fi iná rẹ̀ sílẹ̀ kó máa tàn wẹ́rẹ́ láìṣẹ́jú kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé wọ́n wà nítòsí. Ìyẹn kì í ṣe ìpè pàjáwìrì rárá, kò sì sí ẹni tó ní láti yà fún un.

Mo ti fẹ́ kó ìwé mi nílẹ̀. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ṣe é rí?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra etí tábìlì, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "A ṣe é."

Wọn ò sọ pé "mo ṣe é". Ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni, wọ́n jókòó ti ọ̀gá kan tó ń wakọ̀. Ọwọ́ aago ti ń sún mọ́ àkókò tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ lé àwọn mìíràn lọ́wọ́, sún-kẹrẹ sì pọ̀. Ọ̀gá náà na ìka kan. Wọ́n kọjá. Kò sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi náà kò sọ nǹkan kan. Lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí sítíárì, ọmọ tuntun kan ló jókòó tì wọ́n, wọ́n sì na ìka tiwọn. Lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ ológeere fẹ́ sá fún wọn, ó sì lọ fi èjìká gbá òpó iná. Wọ́n rí i nínú dígí. Ó dìde. Wọn ò dúró, torí tí wọ́n bá dúró, wọ́n á ní láti sọ ibi tí wọ́n ń sáré lọ.

"Mo ṣì máa ń rí i tó ń dìde," ni wọ́n wí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn di "mo".

Nítorí náà, ṣé àwọn ọlọ́pàá ń ṣi iná àti sáírìn lò? Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ mi fúnra rẹ̀ ti ṣe é. Ṣé gbogbo iná tó kú lẹ́yìn oríta ni àṣìlò? Rárá, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí mo kọ sínú ìwé mi láìmọ ohun tí rédíò ń sọ fún wọn. Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé láti etí títì, méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Kò sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọsílẹ̀ nìkan ló lè ṣe é.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florida. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ọlọ́pàá ojú pópó kan, obìnrin, lé ọlọ́pàá Miami kan tó ń sá eré máìlì 120 ní wákàtí kan nínú ọkọ̀ iṣẹ́, ó dá a dúró, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Kì í ṣe olè ni ọlọ́pàá Miami náà ń lé. Iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ ló ń lọ. Ariwo sọ. Àwọn oníròyìn Sun Sentinel wá bi ara wọn pé ṣé ọ̀kan yìí nìkan ni. Wọn ò lọ jókòó sí fèrèsé bíi tèmi. Ẹ̀rọ kékeré tí ọkọ̀ ìjọba fi ń san owó ní ẹnubodè ojú pópó ni wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹnubodè kan sí èkejì, jíjìnnà rẹ̀ kì í yí padà; tí o bá mọ aago tó kọjá ní ti àkọ́kọ́ àti aago tó dé èkejì, eré tó sá ti jáde. Wọ́n rí ọlọ́pàá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 láti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá bíi méjìlá tí wọ́n ti sá eré máìlì 90 sí 130, ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ìròyìn náà gba Pulitzer ti 2013, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn oníròyìn ní Amẹ́ríkà, nítorí iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ eré ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná búlúù gan-an, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni: ẹni tó ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí kò sì sí ẹni tó ń kà á fún un.

Kì í sì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ló ń ṣe é. Ní Rọ́ṣíà, ní 2010, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi garawa oníke kékeré aláwọ̀ búlúù sórí ọkọ̀ wọn láti fi hàn pé àwọn ìjòyè tó ń fi iná búlúù gba ọ̀nà mọ́ àwọn lọ́wọ́ ti sú àwọn. Ní Íńdíà, ìjọba yọ iná orí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn mínísítà àti ìjòyè láti ọjọ́ 1, Oṣù Karùn-ún 2017, ó sì fi í sílẹ̀ fún ọkọ̀ pàjáwìrì. Ó ṣeé ṣe, nígbà tí àwọn tó wà létí títì bá pariwo tó.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá òde òní ló ní ẹ̀rọ tó ń kọ ibi tí ọkọ̀ wà sílẹ̀ àti eré tó ń sá. Ọ̀pọ̀ tún ń kọ ìgbà tí wọ́n tan iná àti ìgbà tí wọ́n pa á. Yàrá tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀: ta ló pè, aago mélòó, ọkọ̀ wo ni wọ́n rán, ìgbà wo ni wọ́n dá a padà. Méjèèjì wà. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀gá àwọn awakọ̀ náà máa gbé wọn síra wọn lóṣooṣù. Iná tó tàn tí kò ní ìpè, kí wọ́n bi ẹni tó wakọ̀. Kò níláti jẹ́ kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní ẹnì kan bi ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ ì bá má gbá òpó.

Fún àwa tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yà. Ẹ má dá ẹjọ́ nínú dígí ẹ̀yìn bíi ti ọkùnrin ọkọ̀ funfun. Ẹ yà níbi tí kò ní ewu, ẹ fi àmì hàn, ẹ má já wọ inú iná pupa, ẹ má sì sáré tẹ̀ lé wọn láti wo ibi tí wọ́n ń lọ. Tí ẹ bá fura, ẹ kọ nọ́ńbà orí ọkọ̀ náà, aago gan-an, oríta, àti ìhà tó kọjú sí, nígbà tí ẹ bá ti dúró. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni wọ́n fi ń wá a nínú àkọsílẹ̀. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "àwọn ọlọ́pàá yín ń já iná" kò ní ibi tí wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi kọ lẹ́tà méjì. Ọ̀kan lórí ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, torí ọmọ mi ti sọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí. Èkejì lórí ọkọ̀ kan tí mo rí láti fèrèsé mi ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, ní aago 5:50 sí aago 6 lójoojúmọ́, tó ń tan iná ní oríta kan náà, tó sì ń pa á níwájú ilé ńlá kan náà.

Èsì ti àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Ìpè wà. Wọ́n ti rán ọkọ̀ náà sí ibi tí ẹnì kan ti dákú, wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì torí áńbúláǹsì ti débẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà fún ọmọ mi. Ó ní kí n tún ibi tó sọ pé áńbúláǹsì ti débẹ̀ kà, mo sì tún un kà.

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ gbà wà lóòótọ́ nígbà náà," ló wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà.

Wọn ò tíì dá mi lóhùn lórí èkejì. Mo ti kọ òmíràn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta náà, aago mẹ́ta náà, àti nọ́ńbà ọkọ̀ náà, èyí tí mo fi gègé pupa fa ìlà sí nídìí.